Ṣé Ẹni Tí Ó Kúrò Nínú Ìjọ Ti Kúrò Lẹ́yìn Ọlọ́run?

Ẹ̀yin ará wa, ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi ara wọn ní òru, tí wọn kò lè bi ẹlòmíràn ní ọ̀sán. Wọ́n ń lọ sí ìjọ kan. Wọ́n ti rí i pé nǹkan kò lọ déédéé níbẹ̀. Owó wọn ti tán. Ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọn kì í kí àwọn ẹbí wọn mọ́. Wọ́n fẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ń wí nínú ara wọn pé: "Bí mo bá fi ìjọ yìí sílẹ̀, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ni mo fi sílẹ̀ yẹn?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìgbàgbọ́. Ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, kí ni wọn yóò fi dẹ́rù bà á? Ẹni tí ó fẹ́ràn Ọlọ́run tọkàntọkàn ni ó ń bọ́ sínú ìdààmú yìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó má sì pè é ní òmùgọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a kò ní lọ́kàn. A kò sọ pé ìjọ titun kò dára, tàbí pé ìjọ kékeré kò dára. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tí ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lónìí, Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, láti ọwọ́ Samuel Oschoffa tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Gbogbo ìjọ ńlá ni ó ti jẹ́ titun rí. A kò sì sọ pé aṣọ funfun, ìlù, ààwẹ̀ tàbí àìsùn ni ó burú. Bákan náà, pásítọ̀ tí ó bá ọkùnrin kan wí nítorí pé ó ń na ìyàwó rẹ̀ kò fìyà jẹ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí a fi òkúta kọ́, tí ó ti wà láti ayé àwọn bàbá wa, lè ni ènìyàn lára. Àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lè jẹ́ ibi ìsinmi fún un.

Ìjọ tí à ń sọ ni èyí tí aṣíwájú rẹ̀ ti jókòó sí ipò Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ̀ fún un, yóò ní Ọlọ́run ni o kọ̀ fún. Bí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, yóò ní Ẹ̀mí Mímọ́ ni ò ń bá jà.

Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Adjarra, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, tí kò yẹ kí a gbàgbé. Àwọn ọmọ ìjọ kan, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ìjọ Banamè, ti ara wọn mọ́ inú yàrá àdúrà. Wọ́n dí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Wọ́n ń sun tùràrí àti èédú níbẹ̀. Ọlọ́pàá sọ pé wọ́n pàṣẹ fún wọn ni. Ènìyàn márùn-ún kú, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a ti pa máa ń mú èéfín olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà oorun yóò gbé e lọ, kò sì ní jí mọ́.

Obìnrin tí ń dáná èédú lójoojúmọ́ mọ̀ pé a kì í gbé e sínú yàrá kí a sì ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Kí ni ó ń mú kí ohun tí ènìyàn mọ̀ dájú nílé ara rẹ̀ di ohun tí kò mọ̀ mọ́ nílé àdúrà? Ohun tí ó yẹ kí a ronú lé lórí nìyẹn, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ kan ṣoṣo. Níbikíbi tí a bá ti kọ́ ènìyàn fún ọdún mélòó kan pé làákàyè rẹ̀ ni ọ̀tá ìgbàgbọ́ rẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò pàṣẹ ohun tí ó lè pa á fún un, tí yóò sì dáhùn pé "Àmín".

Kò sí ẹni tí wọ́n sọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ènìyàn ì bá sá. Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí ń ta gàrí ní ọjà Kétu. Ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Aládùúgbò rẹ̀ mú un lọ sí ìjọ kan. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n bá a gbé ọmọ, wọ́n bá a sunkún, wọ́n gbàdúrà fún un títí ilẹ̀ fi mọ́. Inú rere yìí, òtítọ́ ni. Àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ṣe é kò tan an. Àwọn náà ni wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní kí ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí ó ti ṣe láti kékeré rẹ̀ níwájú wòlíì. Ó jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni àṣírí rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ó mú 10 000 fránkì wá fún àdúrà pàtàkì. Ó kó owó àjọ rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, ó ní láti gbàṣẹ kí ó tó lọ síbi òkú nílé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wòlíì rí ìran: ìyá rẹ̀ gan-an ni àjẹ́ tí ó dì í lọ́wọ́. Kò lọ kí ìyá rẹ̀ mọ́.

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí ó burú jù lójú mi ni ti ìyá yìí. Owó lè padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ìran náà. Ta ni ó lè wá sí ẹnu ọ̀nà obìnrin yìí ní àárọ̀ kan, kí ó sọ fún un pé, "Ọmọ mi, o ti rù, jẹ́ kí a lọ sílé"? Ìyá rẹ̀ ni. Òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ sọ di ọ̀tá. Nígbà tí a bá rí ìjọ tí ìran rẹ̀ kì í tọ́ka sí ẹnikẹ́ni àfi àwọn tí ó lè gba ènìyàn là kúrò níbẹ̀, ó yẹ kí a fura.

Ẹnì kan lè bi wá pé: "Èmi kò mọ Bíbélì tó pásítọ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ìjọ mi jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn?" Kò nílò ẹ̀kọ́ ńlá. Kí o wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀, kí o sì wo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tí ó ti lọ. Béèrè ní jẹ́jẹ́ pé, "Owó tí a dá ní ọdún tó kọjá, kí ni a fi ṣe?" Ní ìjọ tí ó dára, ẹnì kan yóò dá ọ lóhùn. Ìdáhùn náà lè má tẹ́ ọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n yóò dáhùn. Ní ìjọ kejì, kì í ṣe owó ni wọn yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, ìwọ ni. Wọn yóò ní o ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀. Ní ti àwọn tí ó ti lọ, ní ìjọ tí ó dára, wọn yóò ní: "Lágbájá ti lọ sí ìjọ mìíràn, mo rí i lọ́jà ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ó kí mi." Ní ìjọ kejì, gbogbo ẹni tí ó kúrò ni ó ya wèrè, tàbí tí mọ́tò pa, tàbí tí ó yàgàn. Kò sí ẹyọ kan tí ara rẹ̀ dá. Ṣé ìyẹn lè jẹ́ òtítọ́? Lọ wá ọ̀kan nínú wọn, kí o sì fi ojú ara rẹ wò ó.

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ ní ohun kan lọ́wọ́ tí àwọn òbí wa púpọ̀ kò ní. Láti ọdún 1884 ni Bíbélì odindi ti wà ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ lè ṣí i fúnra yín. Ẹ ṣí Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 17. Ẹ ó rí àwọn ará Bèríà tí Pọ́ọ̀lù wàásù fún. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ ìwé wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ohun tí ó ń sọ. Ìwé náà kò bá wọn wí. Ìyìn ni ó fún wọn. Bí a bá lè yẹ ọ̀rọ̀ àpósítélì wò, ta ni wòlíì àdúgbò wa tí a kò gbọdọ̀ yẹ tirẹ̀ wò?

Ẹ tún ṣí orí 5 nínú ìwé kan náà. Ìtàn Ananíà àti Sàfírà wà níbẹ̀. Ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń dẹ́rù ba ènìyàn pé bí ẹ kò bá mú owó wá, ẹ ó kú. Ẹ farabalẹ̀ ka ẹsẹ 4. Pétérù sọ fún ọkùnrin náà pé ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ kí ó tó tà á, àti pé lẹ́yìn tí ó tà á pàápàá, ìkáwọ́ rẹ̀ ni owó náà wà. Irọ́ tí ó pa ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ìtàn yìí gba owó lọ́wọ́ opó ń retí pé opó náà kò ní ka ẹsẹ 4.

Ìwé Deutarónómì orí 18 sọ ohun tí a ó ṣe sí wòlíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ: kí a má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ní Kanungu ní ilẹ̀ Uganda, àwọn aṣíwájú ìjọ kan sọ pé ayé yóò parí nígbà tí ọdún 1999 bá parí. Ọdún parí, ayé kò parí. Àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ti ta ohun ìní wọn kò sì kúrò. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2000, ọ̀pọ̀ nínú wọn jóná mọ́ inú ilé àdúrà wọn. Ní Kenya, láti ọdún 2023, wọ́n ti hú òkú tí ó ju 400 lọ ní igbó Shakahola. Ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan oníwàásù wọn ni pé ó ní kí wọ́n gbààwẹ̀ títí wọn yóò fi kú, kí wọ́n lè rí Jésù. Òun ní òun kò jẹ̀bi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó le jù fún àwa ọmọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ ni. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. A ti gbọ́ èyí láti inú oyún. Nítorí náà, nígbà tí wòlíì bá ní kí a kúnlẹ̀, kí a jẹ́jẹ̀ẹ́ pé a kò ní kúrò láéláé, kì í ṣe Bíbélì nìkan ni ó fi dè wá. Ó fi ẹ̀rù àwọn baba wa dè wá pẹ̀lú. Obìnrin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan lè ní: "Òtítọ́ ni pé wọ́n ń jẹ mí run, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí. Èmi kò fẹ́ di ọ̀dàlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìlú tí kò sí ẹni tí ó ń mú ìlérí ṣẹ kì í ṣe ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà kan náà léèrè pé ènìyàn mélòó ni ó ń mulẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń dá nìkan mulẹ̀. Bí ọmọ ìjọ ti ṣèlérí láti tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ni olùṣọ́-àgùntàn ti ṣèlérí láti ṣọ́ àgùntàn. Èyí tí ó pa wọ́n jẹ, tí ó tú àṣírí wọn, tí ó bá ọmọbìnrin wọn sùn, òun ni ó kọ́kọ́ dalẹ̀. Ẹni tí ó bá kúrò lẹ́yìn ìyẹn kò dalẹ̀ kankan. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́ tí yóò dà. Àti pé ìlérí tí a fi ẹ̀rù gbà lẹ́nu ènìyàn, tàbí tí a gbà lẹ́yìn tí a ti purọ́ fún un, ṣé ìlérí ni? Ní ọjà, bí ẹnì kan bá fi iyanrìn sísàlẹ̀ àpò gàrí tà fún ọ, ìwọ yóò dá a padà, kò sì sí ẹni tí yóò ní o ba ìdúnàádúrà jẹ́.

Ẹ tún wo ohun tí Jésù ṣe nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 6. Ọ̀pọ̀ ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, wọ́n sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Kò fi wọ́n ré. Ó yíjú sí àwọn méjìlá, ó sì bi wọ́n bóyá àwọn náà fẹ́ lọ. Ìbéèrè ni ó bi wọ́n. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Àwọn tí ó dúró, wọ́n dúró nítorí pé wọ́n fẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé: "Ìjọ wo ni kò ní àléébù? Sùúrù ni a fi ń ṣe é." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Kí a má ṣe kúrò ní ìjọ nítorí pé orin wọn gùn jù tàbí nítorí pé diákónì kan kò kí wa. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n tì láti ìta. Ti àkọ́kọ́, a lè jọ gun òkè lọ tún un ṣe. Àwọn mìíràn yóò ní: "Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọmọ mi ti rí ìwòsàn." Kí wọ́n máa dúpẹ́ fún un títí ayé. Bí dókítà bá wo ọmọ rẹ sàn, o ó san owó rẹ̀, o ó sì kí i lọ́jà. Kò ní torí ìyẹn yan ọkọ fún ọmọ rẹ.

Ní ti kíkúrò, kí a má ṣe fi ariwo ṣe é. Kì í ṣe dandan kí o dìde láàárín ìjọ láti sọ ìdí rẹ. Kọ́kọ́ wá ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà, tí ó lè pa ẹnu mọ́, kí o sì sọ fún un. Bí ìwé ìbí àwọn ọmọ tàbí ìwé ilẹ̀ rẹ bá wà lọ́wọ́ wọn, gbà á kí wọ́n tó mọ̀ pé o fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ní kí o má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, padà sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí o bá kúrò. Lúùkù tí ó kọ ìhìnrere, oníṣègùn ni. Bí wọ́n bá nà ọ́, tàbí tí wọ́n fi ipá bá ọ lò pọ̀, tàbí tí wọ́n ti ọ mọ́lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Òfin ńlá ilẹ̀ Benin tí a ṣe ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn ní orí 23 rẹ̀. Kò sí pásítọ̀ tí ó lè fi ipá dá ẹnikẹ́ni dúró.

Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ fẹ́ lọ, tí ìyàwó sì fẹ́ dúró, tàbí tí ìyàwó fẹ́ lọ, tí ọkọ kò fẹ́, ó le. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìjọ tú ilé wọn ká. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ríran kí ó ní sùúrù fún èkejì, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìyà jẹ àwọn ọmọ nítorí sùúrù yẹn.

Ẹ̀rù kò ní lọ ní ọjọ́ kan. Ó yẹ kí a sọ èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí o kúrò, ara ọmọ lè gbóná. Ọkàn rẹ yóò sọ pé èpè wòlíì ti dé. Ibà wà ní ilẹ̀ wa kí wòlíì náà tó dé. Ẹ̀fọn kò mọ ìjọ tí ènìyàn ń lọ. Gbé ọmọ lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fún un ní oògùn.

Ẹ̀yin ẹbí náà, nígbà tí ẹni yín bá padà wá, ẹ má ṣe kí i pẹ̀lú "A ti sọ fún ọ." Ẹ fún un lóúnjẹ. Bí ó bá ní òun kò tíì fẹ́ lọ sí ìjọ kankan, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè máa gbàdúrà lórí ẹní rẹ̀ fún ọdún kan. Ó lè lọ jókòó sẹ́yìn ìjọ mìíràn, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí ó sì jáde kí wọ́n tó gbé igbá ọrẹ.

Ní ti obìnrin tí ń ta gàrí, ó ku ìyá rẹ̀. Ìyá tí a pè ní àjẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn kò lè gbàgbé ní ọjọ́ kan. Kí ó wá àbúrò bàbá rẹ̀ tàbí àgbà kan tí ìyá náà bọ̀wọ̀ fún, kí wọ́n jọ lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù kí ìyá tó lọ sóko. Kí ó mú ọmọ náà dání. Kí ó kúnlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìyá kò ní dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, tí yóò kàn máa gbálẹ̀ lọ. Kí ó tún lọ ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀.